Àwọ̀ Nìkan Kò Tó Láti Pe Alángbá Ní Irú Tuntun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti Kàbà ni a ti ń kí yín: òkun o.

Àwọn àwòrán alángbá tí àwọn èèyàn wa ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù ló mú wa kọ̀wé yìí. Bí akọ alángbá bá ti yọ orí pupa àti ara aláwọ̀ aró lórí àwọn àpáta tó gba Ìjùmú lọ sí Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ẹnì kan á ya èyí tí ìrù tàbí ọ̀fun rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, á ní irú tí ayé kò rí rí nìyí, á sì ti sọ ọ́ lórúkọ kí ilẹ̀ tó ṣú. A kò ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àpáta tó dá dúró láàárín igbó máa ń há ẹran kéékèèké mọ́ ojú kan, wọ́n sì lè yàtọ̀ sí àwọn ará wọn bó bá pẹ́. Àmọ́ nínú gbogbo ẹ̀rí tí èèyàn lè kó wá, àwọ̀ ló rọ̀ jù.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i kedere, kó wo àwọn alángbá ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí onímọ̀ ń pè ní Sceloporus. Wiegmann, ará Jámánì, ló dá orúkọ ọ̀wọ́ yìí sílẹ̀ ní 1828. Irú tó wà nínú ọ̀wọ́ náà lónìí ti lé ní 100, láti Amẹ́ríkà gba Mẹ́síkò dé Panama, Mẹ́síkò ló sì ní èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ Kàbà tó bá rí ọ̀kan á pè é ní alángbá láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ pẹ̀lú ti ara ògiri wa. Ẹ ya ẹnu wọn wò: eyín tiwa jókòó sórí eteetí egungun àgbọ̀n gan-an, tiwọn fẹ̀gbẹ́ ti inú egungun náà. Ẹ yí itan wọn síta: tiwọn ní ìlà ihò tóótòòtó tó ń sun ohun bí ìda lábẹ́ itan méjèèjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì ní láàárín ihò 10 sí 20 ní itan kan. Itan tiwa kò ní ihò kankan. Akọ tiwa nìkan ló ní ìpẹ́ líle tó ń sun irú ìda bẹ́ẹ̀, iwájú ihò ìdí ló sì wà.

Nínú àwọn ẹlẹ́gùn-ún yìí, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Sceloporus undulatus. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé fi pín in sí bí ẹ̀yà mẹ́wàá, ìyẹn ìpín kékeré nínú irú kan, ìlà ẹ̀yìn àti àwọ̀ sì ni wọ́n fi ṣe odiwọ̀n púpọ̀ nínú ìpín náà. Ní 2002, àwọn olùwádìí Leaché àti Reeder yẹ DNA wọn wò, ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Ìpín àwọ̀ kò bá ìpín ìran mu rárá. Àwọn tó ń gbé inú koríko ní ìlà gbọọrọ láti orí dé ìdí, àwọn tó ń gbé ara igi àti àpáta ní àmì wíwọ́, ìran tó sì jìnnà síra lè gbé àwọ̀ kan náà nítorí pé irú ibùgbé kan náà ni wọ́n wà. Irú mẹ́rin ni wọ́n rí: undulatus, consobrinus, tristichus àti cowlesi. Nínú cowlesi yìí náà, àwọn kan ń gbé lórí yanrìn funfun White Sands ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ara wọn sì funfun bíi yanrìn náà, nígbà tí àwọn tó wà lórí ilẹ̀ pupa nítòsí ṣì dúdú rẹ́súrẹ́sú. Ìyàtọ̀ nínú jíìnì kan, ìyẹn apá kan DNA, tó ń jẹ́ Mc1r ló ń sọ wọ́n di funfun. Irú kan náà ni gbogbo wọn.

Kí la tilẹ̀ ń lọ sí Amẹ́ríkà fún? Akọ alángbá tó bá jẹ́ ọ̀gá àgbàlá, orí rẹ̀ á pọ́n bí oòrùn bá mú. Tó bá di alẹ́, tàbí tí ẹ̀rù bá bà á, ara rẹ̀ á ṣú. Akọ tí kò tíì gba ààyè tirẹ̀ á máa rìn kiri pẹ̀lú àwọ̀ abo. Ẹni tó bá ya mẹ́ta nínú wọn lọ́jọ́ kan á lè sọ pé irú mẹ́ta lòun rí. Gbogbo alángbá ló kúkú dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ìpẹ́ ni ká kà. Lára àwọn ẹlẹ́gùn-ún, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀yìn ìpẹ́ ńlá tó wà láàárín àtàrí, èyí tó ní àmì tóótó kan lójú. A ó ka ìpẹ́ ní ìlà kan tààrà lórí ọ̀pá ẹ̀yìn, títí dé ibi tó ṣe déédéé pẹ̀lú ẹ̀yìn itan nígbà tí a bá na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn síta gbọnrangandan. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ tẹ ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń kà á, lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Sceloporus magister kì í sábà ju 35 lọ, Sceloporus graciosus máa ń ju 40 lọ. Ìyàtọ̀ tó ṣe é gbé lé ìwé nìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, kí ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, kí wọ́n wá kó iye méjèèjì sínú tábìlì kan. Ìpẹ́ marun-un tàbí mẹ́fà á ti sọnù, irú tuntun á sì ti "yọ". Nítorí náà, kí ìwé sọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n parí, kí èèyàn méjì sì kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wo bí ìpẹ́ náà ṣe rí: ṣé ó ní igun tó ga láàárín, ṣé ṣóńṣó rẹ̀ gùn, ṣé ìpẹ́ ẹ̀yìn itan kéré bí ọkà bàbà tàbí ó ní igun tiẹ̀, ìpẹ́ ńlá mélòó ló wà lókè ojú, ṣé wọ́n kan ti àárín orí. Fún alángbá tiwa, iye ìpẹ́ tó yí àárín ara po ni kí ẹ kà, àti ìlà ìpẹ́ líle níwájú ihò ìdí akọ, bóyá ọ̀kan ni tàbí méjì. Ẹ wo ìdì ẹ̀gún tó wà létí ihò etí àti lọ́rùn, ẹ wo bí ihò etí ti tóbi sí, kí ẹ sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kẹta wé ìkẹrin. Ọ̀fun akọ wúlò, bí ẹ bá ya á nígbà tó ṣì ń mí.

Gígùn tí a fọkàn tán ni ti imú dé ihò ìdí. Ìrù máa ń gé, òmíràn sì máa ń hù padà, ìpẹ́ orí èyí tó hù padà á kéré, á sì dàrú. Ẹni tó bá wọn ìrù láìwo èyí ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, kí ọmọ alángbá má wọ inú ìṣirò náà rárá.

Ẹyọ kan kò tó. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù sì ni pé èèyàn á mú alángbá ní Kàbà, á tún mú ní Ẹ̀gbẹ̀, kò ní dúró ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú. Bí iye ìpẹ́ bá ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ìpẹ̀kun méjèèjì á dà bí irú méjì, bẹ́ẹ̀ ohun kan ṣoṣo tó ń yí lọ́nà ni. Àárín ọ̀nà gan-an ni ẹjọ́ náà wà.

DNA náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Èyí tí ó rọrùn jù láti kà, ìyá nìkan ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, nítorí náà ó lè ṣi ni lọ́nà. Ní Arizona, níbi tí tristichus àti cowlesi ti pàdé, wọ́n ń gun ara wọn. Ohun tí DNA ti ìyá ń wí, ohun tí kírómósómù, ìdì tí DNA wà nínú rẹ̀, ń wí, àti ohun tí ara ń wí kì í bára mu lọ́dọ̀ ẹran kan náà. Leaché àti Cole ló tẹ ìyẹn jáde ní 2007. Iye kírómósómù nínú Sceloporus fúnra rẹ̀ ń lọ láti 22 dé 46. Ẹni tó bá ní irú tuntun wà, kó mú ẹ̀rí tó ju ọ̀kan lọ wá, kí ẹ̀rí náà sì máa tọ́ka síbi kan náà.

Bí ìwádìí bá ti tó kí a pa ẹran, ìwé àṣẹ ìjọba àti ìyọ̀ǹda àwọn onílẹ̀ ló ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fọ́màlìn, oògùn tí a fi ń tọ́jú òkú, ẹ kọ́kọ́ gé ẹ̀dọ̀ tó tó hóró ẹ̀wà sínú ethanol, ọtí líle, ìdá 95 nínú 100, torí fọ́màlìn ń gé DNA wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ògógóró kò lágbára tó, ẹ má dán an wò. Lẹ́yìn náà, ẹ po fọ́màlìn tó ki òṣùwọ̀n 1 mọ́ omi òṣùwọ̀n 9, ẹ gún un sí ikùn, itan àti ìdí ìrù, níta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, torí májèlé ni. Kó tó gan ni kí ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ na ìka ẹsẹ̀ síta, kí ẹ sì fi òwú díẹ̀ la ẹnu rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ká sínú ìgò jáàmù á gan bẹ́ẹ̀ títí láé, kò sì sí ẹni tó máa lè ka ìpẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó nínú fọ́màlìn. Ẹ fi omi ṣàn án fún ọjọ́ kan, kó tó wọ ethanol ìdá 70. Bí ẹ bá kó ẹran kún ìgò jù, omi ara wọn á dín agbára ethanol náà kù, wọ́n á sì rà. Nọ́ńbà á wà lẹ́sẹ̀ ẹran gan-an, kì í ṣe lára ìgò, pẹ́ńsù sì ni kí ẹ fi kọ ọ́: báírò á ṣí kúrò. Àwọ̀ pupa àti yẹ́lò á kọ́kọ́ parẹ́, ìdí nìyẹn tí àwòrán ààyè rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà.

Orúkọ ló kẹ́yìn. Òfin àgbáyé tó ń darí orúkọ ẹranko, èyí tí ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000, ní kí ẹni tó ń dárúkọ irú tuntun yan ẹran kan pàtó tí orúkọ náà rọ̀ mọ́, kó sì sọ ilé tí wọ́n ti máa tọ́jú rẹ̀. Láti 2012 ni ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti lè gbé orúkọ jáde, bí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ZooBank, ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé fún orúkọ ẹranko. Orí fóònù kò sí nínú rẹ̀.

Ẹran kan pàtó yẹn ṣe pàtàkì ju bí ó ti ń dún létí lọ, alángbá wa sì ni ẹlẹ́rìí. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, ló sọ ọ́ ní orúkọ tó di Agama agama ní 1758, àmọ́ ibi tí ẹran tirẹ̀ ti wá kò dájú. Ní 2009, Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan ẹran mìíràn rọ́pò rẹ̀, láti Kamẹrúùnù. Orúkọ náà bá a lọ síbẹ̀. Èyí tó wà lára ògiri ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ olùwádìí ń pè é ní Agama picticauda báyìí, orúkọ tí Peters fún un ní 1877. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA àwọn alángbá ilẹ̀ wa tí àwọn olówò ẹran ọ̀sìn kó dé Florida wò ní 2016, picticauda ni wọ́n bá. Síbẹ̀ Agama agama ṣì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń há sórí fún ìdánwò. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí pé bí àpáta ilẹ̀ àwa ọmọ Okun bá ní irú tirẹ̀, kí ẹran tí orúkọ rọ̀ mọ́ wà nílẹ̀ wa, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko yunifásítì kan tó ń bomi sí ìgò rẹ̀ déédéé, kí ọmọ Lọ́kọ́ja má baà gba físà kó tó lè ka ìpẹ́ alángbá Ìjùmú.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe eré akọ̀wé. Alángbá ẹlẹ́gùn-ún kan wà nínú òkìtì yanrìn New Mexico àti Texas, Sceloporus arenicolus. Ní 1972 tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yà lásán lábẹ́ graciosus ni wọ́n pè é. Wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí irú lẹ́yìn náà, nígbà tó sì di 2024 ìjọba Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ìparun, láàárín àwọn kànga epo. Àwọn òkúta tiwa náà ni wọ́n ń fọ́ ta.

Olóòtú, bí ẹnikẹ́ni bá tún mú àwòrán alángbá wá fún yín láti gbé jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í bóyá ó ní àwòrán ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ orí, ọ̀fun àti abẹ́ ìdí pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bóyá ó fi fóònù gba nọ́ńbà ibi tó ti rí i gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Orí òkúta ni, ara igi ni, tàbí ògiri. Àti bóyá ó rí òmíràn tó jọ ọ́, akọ àti abo. Bí ó bá ní gbogbo rẹ̀, ẹ darí rẹ̀ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko ní yunifásítì tó sún mọ́ ọn, kó sì fi alángbá náà sílẹ̀ lórí àpáta rẹ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.