Kì í ṣe gbogbo ọ̀fun tó wú ni bẹ́lúbẹ́lú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹja yíyan ni mo ń tà ní ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́, n kì í ṣe dókítà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ.

Apẹja ni Bàbá Sùlíà. Lọ́dún tó kọjá, ohùn rẹ̀ yí padà, ó wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Kò dùn ún rárá, ohun tó tàn wá jẹ nìyẹn. Oníkẹ́míìsì àdúgbò fún un ní kápúsù, ó lò ó tán, wọ́n tún fún un ní òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ẹnikẹ́ni ò wo ẹnu rẹ̀. Bàbá kan ní òun yóò wá dá bẹ́lúbẹ́lú náà fún un, mo tiẹ̀ ti ra abẹ tuntun sílẹ̀. Òjò ńlá ni kò jẹ́ kó wá lọ́jọ́ náà. Mo ń dúpẹ́ òjò yẹn títí di òní.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, òkèlè ẹ̀bà há a lọ́fun. Ọmọ wa obìnrin tan iná fóònù, ó fi ìdí ṣíbí tẹ ahọ́n bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ wá wo nǹkan." Ẹran kékeré méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun, tọ̀tún tòsì, tí wọ́n ń pè ní tonsil. Ti òsì kò ju ẹ̀wà lọ. Ti ọ̀tún tó awẹ́ obì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà.

Ní ilé ìwòsàn ńlá l'Ékòó, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní lymphoma ni. Dókítà ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni tonsil, ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà ló kún inú rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn gan-an ló yà bàrá. Mo sunkún. Mo rò pé abẹ ni, wọ́n ní rárá, oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan ni yóò wá a kiri gbogbo ara: ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ 21, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Irun rẹ̀ re, ó bì títí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wa bá owó oògùn lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, ó jẹ ẹ̀bà, kò há a. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ni àìsàn yìí ń lọ lára wọn pátápátá, pàápàá tí wọn ò bá pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀.

Kò wọ́pọ̀ o, n ò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí apá kan bá wú ju èkejì lọ, tí oògùn ò mú un wálẹ̀, tàbí tí kókó yọ lọ́rùn, tí ẹni náà ń rù, tí òógùn ń rin aṣọ rẹ̀ lóru, ẹ má tún ra kápúsù mìíràn. Ẹ wá dókítà ọ̀nà ọ̀fun, kí ẹ ní kó gé e yẹ̀ wò. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì wa l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ò wọ́n. Ẹ wo ẹnu kí ẹ tó gba owó ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Olóòtú, ẹ bá mi fi àwòrán ọ̀nà ọ̀fun sí abẹ́ lẹ́tà yìí, tọ̀tún tòsì, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà lè fi wé ti ara ilé rẹ̀.

Èmi ni Ìyá Sùlíà,
Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́.