Lẹ́tà sí Adùnní, nípa Gwendolyn Brooks

Adùnní ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Bá mi kí Màmá gan-an ni, sọ fún wọn pé mo rí àdúrà tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo sì ṣe àmín sí i.

Níjọ́ tá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o ní o ń wá akéwì kan tó o lè sọ ìtàn rẹ̀ fáwọn ọmọ kíláàsì rẹ, ẹni tó jẹ́ pé ilé mẹ̀kúnnù ló ti jáde, tí kò sì sá fáwọn èèyàn rẹ̀ nígbà tó lókìkí tán. Mi ò tiẹ̀ ronú jìnnà. Gwendolyn Brooks ni, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà. Chicago tí mo wà yìí náà ló gbé dàgbà, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́jọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2000, lẹ́ni ọdún 83.

Topeka ní ìpínlẹ̀ Kansas ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1917, àmọ́ ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n gbé e dé apá gúúsù Chicago, níbi tí wọ́n há àwọn adúláwọ̀ mọ́, torí àwọn òyìnbó ò gbà kí wọ́n gbé láàárín wọn. Ó ti wu bàbá rẹ̀ kóun fúnra rẹ̀ di dókítà, owó ni kò sí, ló bá ń ṣiṣẹ́ agbálẹ̀ àti atúnléṣe. Ìyá rẹ̀ ti ṣe tíṣà rí. Ìyá yìí ni mo fẹ́ kó o sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn òbí. Kékeré lọmọ yìí wà tí ìyá rẹ̀ ti ń sọ pé akéwì ńlá ló máa dà. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé kan gbé ewì rẹ̀ jáde. Nígbà tí Langston Hughes, gbajúgbajà akéwì adúláwọ̀, wá ka ewì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Chicago, ìyá mú ọmọ rẹ̀ dání, ó kó ewì ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì kó o fún ọkùnrin yẹn. Hughes kà á lójú ẹsẹ̀, ó ní kó má dáwọ́ dúró. Wo bí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ṣe lè gbé ọmọ ró!

Ó máa ń sọ pé béèyàn bá ń wá ewì, kó ṣáà yọjú lójú fèrèsé. Ilé tóun àti ọkọ rẹ̀ gbé nígbà kan wà ní kọ̀rọ̀ títì, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó lè wo apá kan, kó tún wo apá kejì. Ohun tójú rẹ̀ rí nínú àdúgbò Bronzeville ló di ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1945. Ewì kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń padà sí. Ilé elérò púpọ̀ ló ń sọ, irú èyí táwa ń pè ní face-me-I-face-you, tí gbogbo ayálégbé ń jùmọ̀ lo balùwẹ̀ kan. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá àlá lè ráyè gbérí láàárín òórùn àlùbọ́sà, òórùn ọ̀dùnkún dídín àti pàǹtírí àná tó ń rà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó tó ronú já a, ẹnì kan ti jáde ní balùwẹ̀, kálukú wá ń retí bóyá omi á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Ibẹ̀ ni ewì parí sí. Adùnní, èmi ò mọ ẹni tó tún fi ìlà díẹ̀ báyẹn sọ bí òṣì ṣe ń jẹ àkókò èèyàn.

Lọ́dún 1950, ìwé rẹ̀ kejì gba ẹ̀bùn Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà. Adúláwọ̀ kankan ò gbà á rí kó tó kàn án. Inú òkùnkùn ló wà nígbà tí oníròyìn kan pè é lórí fóònù láti ròyìn rẹ̀ fún un, torí wọ́n ti já iná wọn. Ilẹ̀ mọ́, àwọn oníròyìn kó kámẹ́rà dé, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa ki wáyà bọ̀, àyà obìnrin yìí sì ń já, kò lè sọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n máa ki wáyà náà bọ̀ ọ́, iná dé! Ẹnì kan ti bá wọn dá a padà.

Ewì rẹ̀ táwọn èèyàn mọ̀ jù dá lórí àwọn ọmọkùnrin méje kan tó rí níbi tí wọ́n ti ń gbá snooker lásìkò ilé ìwé. Ó ní dípò kóun máa béèrè ìdí tí wọn ò fi sí ní kíláàsì, ohun tóun bi ara òun ni pé ojú wo làwọn ọmọ yìí fi ń wo ara wọn. Ọ̀rọ̀ 24 péré ni gbogbo ewì náà, sílébù kan-kan sì ni gbogbo wọn. Wọ́n ń fọ́nnu pé àwọn fi ilé ìwé sílẹ̀, àwọn ń rìn lóru, àwọn ń mutí, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn sì ni pé àwọn ò ní pẹ́ kú. Kà á fáwọn ọmọ rẹ sókè, má ṣàlàyé kankan fún wọn ná.

Ibi tí mo ti wá fẹ́ràn obìnrin yìí délẹ̀ rèé. Lọ́dún 1967, ó lọ sí ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ní Yunifásítì Fisk. Ó ti ń sún mọ́ ẹni 50 ọdún, ó ti gbayì, ó bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé fún àwọn èèyàn tiwọn láìwojú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó gbọ́ wọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n yí òun lọ́kàn padà. Bó ṣe dé Chicago, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Blackstone Rangers ní ewì kíkọ, àwọn tí ọlọ́pàá ń lé kiri. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló fi ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá tó ń tẹ̀wé rẹ̀ ní New York sílẹ̀, tó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá Broadside Press, ilé iṣẹ́ kékeré tí Dudley Randall dá sílẹ̀ ní Detroit. Owó ńlá ò sí níbẹ̀. Àwọn kan ní ewì rẹ̀ ò dáa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ látìgbà yẹn. Èmi ò gbà fún wọn. Àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ló yàn, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 1968, wọ́n fi í ṣe akéwì àgbà fún ìpínlẹ̀ Illinois, ipò náà ló wà títí ikú fi dé. Kò fi oyè yẹn jókòó. Ó ń lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé, ó ń wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì dá ìdíje ewì sílẹ̀ fáwọn ọmọ ilé ìwé, tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ san ẹ̀bùn wọn. Àwọn ọmọ tó gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ti dàgbà báyìí.

Nítorí náà, mo ti gbé owó díẹ̀ sọ́tọ̀. Mo fẹ́ kó o ṣe ìdíje ewì ní kíláàsì rẹ ní táàmù tó ń bọ̀, lédè Yorùbá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rí lójú fèrèsé ilé wọn. Ìwọ ni kó o yan àwọn tó máa gbẹ̀bùn, kó o sì fi ewì wọn ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀, ẹni mélòó lo sì rò pé ó yẹ ká fún lẹ́bùn? Tètè fèsì, kí n lè rí owó náà fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó wọlé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọlákẹ́