Ẹ yé fi nọ́mbà fóònù ṣe kóòdù wifi

Ọ̀gá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn tó ń fi èdè wa bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé èyí jáde, torí níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wifi ti wọ ilé, ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti wọ ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ, àmọ́ bí èèyàn ṣe ń tì í kò tíì yé ọ̀pọ̀ nínú wa, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ẹ dé apá ọjà Ouando kẹ́ẹ bèèrè kóòdù wifi lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, nọ́mbà fóònù ọ̀gá lẹ máa bá lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn, nọ́mbà kan náà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára pátákó ìta. Ká tiẹ̀ ní kò sí lára pátákó. Láti ìparí oṣù November 2024 tí wọ́n ti sọ nọ́mbà fóònù wa ní Benin di oní-10, 01 ni gbogbo ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé 8 tó kù nìkan ni olè máa wá. Kò sì ní dúró sẹ́nu ọ̀nà yín kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan o. Nígbà tí fóònù yín bá fẹ́ wọlé, òun àti módẹ́ẹ̀mù, àpótí tó ń pín wifi, máa ń kọ́kọ́ kí ara wọn, afẹ́fẹ́ ni ìkíni yẹn ń gbà kọjá, ẹni tó bá jókòó sí òdìkejì títì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lè gbà á sílẹ̀, kó gbé e lọ sílé ẹ̀, kó wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa dán nọ́mbà wò níbẹ̀, ẹ̀yin ò ní mọ nǹkan kan. Oríṣi ọ̀nà tí nọ́mbà 8 yẹn lè gbà tò ò lè ju mílíọ̀nù 100 lọ, kọ̀ǹpútà tó ní káàdì géèmù tó lágbára á dán gbogbo ẹ̀ wò kí wákàtí kan tó pé. Ilé tí a fi itọ́ mọ nìyẹn, ìrì ló máa wó o.

Kóòdù yín lè gùn tó lẹ́tà tàbí nọ́mbà 63, 8 ló kéré jù. Ẹ mú ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún tí kò bára tan rárá kẹ́ẹ so wọ́n pọ̀, kó má jẹ́ orúkọ ọmọ, kó má jẹ́ oríkì ilé yín tàbí òwe tí gbogbo ayé mọ̀. Tẹ́ẹ bá wọ ibi ètò módẹ́ẹ̀mù, níbi tí wọ́n kọ Sécurité sí, oríṣi àgádágodo wifi ló wà níbẹ̀, ẹ mú WPA3 tó bá wà, ọdún 2018 ló jáde, ó sì ti dí ọ̀nà gbígbé ìkíni lọ sílé yẹn. Tí kò bá sí, ẹ mú èyí tí wọ́n kọ WPA2 pẹ̀lú AES sí. WEP ni kẹ́ẹ sá fún, láti 2001 làwọn onímọ̀ ti já a.

Èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni WPS, bọ́tìnnì tí wọ́n ní kéèyàn tẹ̀ kó má bàa kọ kóòdù. Nọ́mbà oní-8 kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó lè ṣílẹ̀kùn wifi bíi kóòdù. Ìparí ọdún 2011 ni Stefan Viehböck, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, fi hàn pé módẹ́ẹ̀mù máa ń yẹ ìdajì àkọ́kọ́ wò lọ́tọ̀, ó máa sọ bóyá ó tọ̀nà, kó tó wo ìdajì kejì, ìṣirò lásán látara àwọn tó ṣáájú sì ni nọ́mbà tó gbẹ̀yìn pátápátá, nítorí náà dípò mílíọ̀nù 10, ìgbà 11,000 ló pọ̀ jù téèyàn máa dán an wò. Kóòdù yín ì báà gùn dé Kétu, ibẹ̀ ni olè lè gbà wọlé. Ẹ pa á.

Àwọn kan máa ní kẹ́ẹ kàn fi orúkọ wifi pamọ́, tàbí kẹ́ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì MAC fóònù yín, ìyẹn nọ́mbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀, sínú módẹ́ẹ̀mù kó má gba ẹlòmíì wọlé. Kò ràn án. Fóònù yín fúnra ẹ̀ ló máa ń pe orúkọ yẹn síta tó bá ń wá a, àdírẹ́ẹ̀sì MAC náà ṣeé rí lójú afẹ́fẹ́, ó sì ṣeé dà kọ.

Mo rí i lọ́dọ̀ aránṣọ kan, módẹ́ẹ̀mù wà lórí tábìlì tí wọ́n ń ká aṣọ lé, ó kẹ̀yìn sí wa, ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn ní orúkọ, kóòdù, àti admin, admin nísàlẹ̀, ìyẹn orúkọ àti kóòdù téèyàn fi ń wọ ibi ètò módẹ́ẹ̀mù. Ọmọ tó wá gba aṣọ ìyá ẹ̀ yọ fóònù, ó ya á, ó lọ. Ẹni tó bá ní admin yẹn, tó sì ti wọlé, ó lè pààrọ̀ gbogbo nǹkan, kódà ó lè darí yín sí báńkì ayédèrú. Fún àwọn oníbàárà, ẹ ṣí Réseau invité, wifi àlejò, fún wọn, ẹ má fún wọn ní tilé.

Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn wọ ẹ̀rọ ẹlòmíì láìgbàṣẹ, ó wà nínú Code du numérique, ìwé òfin Benin lórí kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì, òfin 2017-20 ti oṣù April 2018. Àmọ́ tí ẹnì kan bá fi wifi yín lu jìbìtì, orúkọ ẹni tó ń san owó láìnì làwọn ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ rí, ẹ̀yin lẹ máa lọ ṣàlàyé.

Ọ̀gá olóòtú, ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń gbé módẹ́ẹ̀mù wá sílé, kí wọ́n má fi ibẹ̀ sílẹ̀ láì pààrọ̀ kóòdù wifi àti ti admin níṣojú onílé, kí wọ́n sì pa WPS.

Òǹkàwé yín, láti Àjàṣẹ́