Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ọjọ́ Tí Wọ́n Ká Èso Tí Ẹ Ń Tà Fún Wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi nínú ìwé ìròyìn yín, kí n lè fi ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́ tó àwọn tó ni súpámákẹ́ẹ̀tì létí, àti àwa náà tí à ń náwó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti èso òkèèrè tó gba orí àtẹ wọn kan láti oṣù kìíní ọdún títí dé oṣù kejìlá, nígbà tí èso tó ń pọ́n lọ́wọ́ nínú oko tí kò jìnnà kò rí ibi fìdí lé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ra ápù mẹ́rin ní ilé ìtajà ńlá kan. Ara wọn ń dán, wọ́n sì tóbi bákan náà bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ń fọ̀ wọ́n, omi kàn ń yọ̀ kúrò lára wọn ni, nítorí ìda tí wọ́n fi kùn wọ́n. Mo fi ọ̀bẹ la àkọ́kọ́, kò ró lábẹ́ ọ̀bẹ bí ápù tó yá ṣe máa ń ró. Inú rẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun tí a bu omi díẹ̀ sí, àyíká kóró rẹ̀ sì ti rí rúsúrúsú. Mo padà lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń to èso sórí àtẹ pé ìgbà wo ni wọ́n ká ápù yìí. Ó mú ọ̀kan, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wo sítíkà kékeré tó wà lára rẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú sà, nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀.” Òótọ́ ló sọ. Nọ́ńbà yẹn, irú 4011 tí à ń rí lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹni tó ń gba owó ni wọ́n ṣe é fún, kó lè mọ irú èso tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye tí yóò gbà lórí rẹ̀. Kò sọ ọjọ́ tí èso náà kúrò lórí igi.

Nínú èdè tiwa, kí èso gbó yàtọ̀ sí kó pọ́n. Inú ni gbígbó ti ń wá, ojú la sì fi ń rí pípọ́n. Bí mo ti ń wo òwò èso òkèèrè yìí, ohun tí mo rí ni pé wọ́n ti ń fi pípọ́n san gbèsè gbígbó. Ní tòótọ́, àwọn èso kan wà tí ìrìn àjò kò pa lára púpọ̀. Wọ́n máa ń bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní tútù, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi tí òtútù inú rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 13 sí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó má baà pọ́n lójú ọ̀nà, bó bá sì gúnlẹ̀ tán, wọ́n á kó o sínú yàrá tí wọ́n sé pa, wọ́n á tú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní ethylene sí i. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni èso fúnra rẹ̀ máa ń tú jáde nígbà tó bá ń pọ́n, nítorí náà n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ wà lára àwọn èso tó ṣì ń pọ́n lẹ́yìn tí a bá ti ká wọn, bí wọ́n bá ti gbó kí a tó ká wọn.

Ṣùgbọ́n èso àjàrà kò rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni strawberry, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n adùn tó wà nínú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò lórí igi tàbí lórí ilẹ̀ ni gbogbo adùn tí wọn yóò ní láyé. Bí wọ́n bá tètè ká wọn kí ara wọn lè le fún ìrìn àjò, kò sí òtútù, kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó lè bu ṣúgà sí wọn nínú mọ́. Ti ọsàn tilẹ̀ ya ni lẹ́nu jù. Ní ilẹ̀ olóoru, ọsàn lè gbó dáadáa kí èèpo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àmọ́ nítorí pé ojú ẹni tó ń rajà ti mọ́ ọsàn pípọ́n, wọ́n á kó ọsàn tútù sínú ethylene kí èèpo rẹ̀ lè yí padà. Èèpo nìkan ni iṣẹ́ náà dé. Inú ọsàn wà bó ti wà.

Ti ápù tí mo rà ńkọ́? Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Franklin Kidd àti Cyril West, ṣe ìwádìí ní Cambridge lórí bí èso ṣe ń mí lẹ́yìn tí a bá ti ká a, wọ́n sì rí i pé bí a bá dín afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà láyìíká rẹ̀ kù, yóò pẹ́ kó tó gbó jù. Ní 1929, wọ́n ti kọ́ ilé ìpamọ́ irú bẹ́ẹ̀ fún títa ápù ní Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, wọ́n lè fa ọ́síjìn inú yàrá bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá kan tàbí méjì péré, kí òtútù rẹ̀ sún mọ́ ibi tí omi ti ń di yìnyín, ápù mìíràn a sì lo oṣù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n yìí, nítorí ọ̀pọ̀ èso tí ì bá jẹrà ló ti kó yọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń fi í pa mọ́ fún ẹni tó ń sanwó. Búrẹ́dì ní déètì lára. Wàrà inú páálí ní déètì lára. Ẹyin pàápàá ní in. Èso nìkan ni wọ́n ń kó síwájú wa bí ẹni pé àná ni wọ́n já a, bẹ́ẹ̀ fítámì C inú ọ̀pọ̀ èso ń dín kù bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ lẹ́yìn ìkórè.

Bí ènìyàn bá sọ èyí fún àwọn alábòójútó ilé ìtajà, èsì tó sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn ni pé ohun tí oníbàárà ń fẹ́ ni wọ́n ń tà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kò lè béèrè ohun tí kò rí. Ní oko Brogdale, ní Kent kan náà, irú ápù tí wọ́n gbìn síbẹ̀ kí ìran wọn má baà parẹ́ ju 2,000 lọ, ṣùgbọ́n irú márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ilé ìtajà ńlá máa ń kó sórí àtẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irú kan ṣoṣo, ìyẹn Cavendish. Ta ló bi oníbàárà kí wọ́n tó yan èyí fún un?

Ìdí gidi, lójú tèmi, ni ìrọ̀rùn fún ẹni tó ń rajà fún ilé ìtajà. Nígbà tí òtútù bá mú ní apá àríwá ayé, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe ní Chile, ní Gúúsù Áfíríkà àti ní New Zealand. Ẹni tó bá bá wọn ṣe àdéhùn yóò rí èso olójú kan, oníwọ̀n kan, gbà ní gbogbo oṣù. Àgbẹ̀ tó wà nítòsí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni igi rẹ̀ fi ń so, èso náà a sì rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ńlá àti kékeré. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn tó kó ogún agbọ̀n lọ sí irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ẹni tó gbà á mú irin róbótó kan, ó ń ti èso gba inú rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ti gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́, ó ti kéré jù nìyẹn. Agbọ̀n mọ́kànlá ló padà sílé. Èso inú wọn ṣì ní oje lẹ́nu ìdí, torí òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an la jọ ká wọn. Owó mẹ́sàn-án tó kù, oṣù mẹ́ta gbáko ló fi dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ owó yìí kò kọjá ohun tí òfin lè tún ṣe. Ní 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó èso àti ohun ọ̀gbìn mìíràn tó ń tètè bàjẹ́ kọjá 30 ọjọ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó san án fún àgbẹ̀. Ti ìwọ̀n àti ìrísí ṣòro díẹ̀. Láti 2009, àjọ yẹn kan náà ti fagi lé òfin tó ń sọ bí irú èso àti ẹ̀fọ́ 26 ṣe gbọ́dọ̀ rí, ṣùgbọ́n irin róbótó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń rajà fún ilé ìtajà, nítorí ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. N kò sọ pé kí wọ́n ti ẹnubodè mọ́ èso, nítorí ohun tí kò lè hù níbì kan lè hù níbòmíràn. Mo sì mọ̀ pé èso tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti ọ̀nà jíjìn, tó jẹ́ oòrùn ló mú un gbó, lè má ná ayé ní epo tó èyí tí wọ́n gbìn nítòsí nínú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń fi iná mú gbóná. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àsìkò ju ìtòsí lọ. Èyí tí n kò lè gbà ni èso wẹ́ẹ́rẹ́ bíi strawberry tí wọ́n ń fi bàálù gbé, nígbà tí èéfín tí bàálù ń tú lórí ẹrù kan náà ju ìlọ́po 20 ti ọkọ̀ ojú omi lọ, kìkì kó lè wà lórí àtẹ ní oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè tí èso ti wá àti oṣù tí wọ́n ká a sí iwájú àtẹ, ní lẹ́tà tí àgbàlagbà lè kà láìfi awò sójú. Amẹ́ríkà ti ń fi òfin mú àwọn ilé ìtajà ńlá láti kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sí èso tútù láti 2008, ilẹ̀ Yúróòpù náà sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n orúkọ orílẹ̀-èdè nìkan kò tó, torí èso ìtòsí náà lè ti lo ọdún kan nínú yàrá tútù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ya tábìlì kan ṣoṣo sọ́tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún èso tí àsìkò rẹ̀ dé, ńlá àti kékeré pọ̀, láìlo irin róbótó, kí wọ́n sì tètè sanwó fún ẹni tó gbé e wá. Àwa tí à ń rà náà, ẹ jẹ́ ká máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń to èso, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, torí wọn kò mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá béèrè tó, wọn yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn.

Lọ́jọ́ tí mo bá rí oṣù ìkórè lórí àtẹ yẹn, ó ṣeé ṣe kí n tún ra ápù náà, ì báà jẹ́ oṣù mẹ́jọ ló ti lò nínú yàrá tútù, nítorí pé lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo yàn án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé ìwé ìròyìn yín