Ẹ má pe ọmọ tí kò pé oṣù ní olódo

Olóòtú,

Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, pàápàá èyí tí kò tó kílò 1.5, lè dàgbà kí ọkàn rẹ̀ má máa dúró sójú kan ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe oníjàgídíjàgan: jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń jókòó, wọ́n á kọ iṣẹ́ dé ìdajì, wọ́n á máa wo ojú fèrèsé. Ni tíṣà bá ní ọ̀lẹ ni.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Ẹni tí kò gbọ́ dáadáa máa ń jọ ẹni tí kò fọkàn sí nǹkan. Iwájú ni kó jókòó. Àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan: "Mú ìwé." Ó mú un tán kí ẹ tó ní kó ṣí i. Pàṣán kò ràn án. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá dúró sójú kan nílé àti níléèwé fún oṣù 6, ẹ gbé e lọ bá dókítà ọmọdé, kí ẹ sì mú káàdì tí wọ́n kọ ìwọ̀n ìbí rẹ̀ sí dání.