Má Jẹ́ Kí Orúkọ Rere Ẹ́ńjìnnì Yẹn Tàn Ọ́ Jẹ

Àkànní ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì wo àwòrán ọkọ̀ náà títí. O kú oríire. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o fi ṣe rere o.

Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà náà ni kò jẹ́ kí n dákẹ́. O ní ẹni tó tà á fún ọ sọ pé 1NZ-FE, ẹ́ńjìnnì Toyota tó wà nínú rẹ̀, kì í bàjẹ́, pé kí o ṣáà máa rọ epo sí i kí o sì máa wà á lọ. Kò parọ́ tán. Ẹ́ńjìnnì gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń pa wọ́n. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń dà á láàmú kì í gbàgbé láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí tirẹ̀ kì í yọ ọ́ lẹ́nu ni í gbàgbé, á sì gbàgbé títí iná pupa á fi tàn níwájú rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o rà fún ọ. Ẹbí kan náà ni òun àti 1NZ-FXE tí Toyota fi sínú Prius àkọ́kọ́, ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná mànàmáná, ní 1997. Irú tìrẹ ni wọ́n fi sínú Yaris, Echo, Vios àti Scion xB. Sílíńdà mẹ́rin ló tò sórí ìlà kan, àpapọ̀ àyè inú wọn jẹ́ 1497 cc, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní 1.5. Ihò sílíńdà fẹ̀ tó 75 mm, písítìnì sì ń rìn 84.7 mm láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìwọ̀n tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ nínú sílíńdà jẹ́ 10.5 sí 1. Ó ní fáàfù mẹ́rìndínlógún, ó sì ní VVT-i, ètò tó ń yí àkókò tí fáàfù ìwọlé ń ṣí padà. Agbára ẹṣin rẹ̀ kò kọjá 105 sí 110, bí ibi tí wọ́n ṣe é fún bá ṣe rí. Má bínú sí i bó bá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lórí òkè pẹ̀lú èrò mẹ́rin àti ẹrù. Wọn kò ṣe é fún eré ìje.

Ohun méjì ló yẹ kó yé ọ dáadáa níbẹ̀. Èkíní ni pé ṣéènì ló ń yí kámúṣáàfù rẹ̀, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, kì í ṣe bẹ́líìtì. Inú àwọn èèyàn máa ń dùn sí èyí torí pé kò sí iye kìlómítà tí wọ́n dá fún pípààrọ̀ ṣéènì. Àmọ́ agbára ọ́ìlì ló ń ti ohun tó ń mú ṣéènì náà le, ọ́ìlì kan náà ló sì ń darí VVT-i. Bí ọ́ìlì bá dín tàbí tó bá dọ̀tí, àwọn méjèèjì ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Èkejì ni pé gbogbo ọ́ìlì tó ń gbà, pẹ̀lú fílítà tuntun, kò ju lítà 3.7 lọ. Ṣírò ó fúnra rẹ: bí lítà kan péré bá ti lọ, ó ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Wàá ní ṣebí iná ọ́ìlì wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Àní, ibẹ̀ ni ìṣòro wà! Iná pupa yẹn kì í ṣọ́ iye ọ́ìlì, bí ọ́ìlì ṣe ń fi agbára tú lọ sókè ló ń ṣọ́. Ọ́ìlì lè dín kù gan-an kí iná náà má tàn, níwọ̀n ìgbà tí pọ́ńpù bá ṣì ń rí nǹkan fà. Ọjọ́ tí o bá fi eré kó kọ́ọ̀nà, ìwọ̀nba tó kù á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, pọ́ńpù á fa afẹ́fẹ́, iná á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á sì kú. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ á ní sẹ́ńsọ̀ ló ń ṣe wèrè. Bẹ́ẹ̀, àwọn bíárìnnì ti ń jẹra nísàlẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá wá nọ́ọ̀kì, wọn á ní ó ṣàdédé ni. Nítorí náà, bí iná yẹn bá tàn, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Má ṣe sọ pé o fẹ́ délé ná.

Gééjì ọ́ìlì ni kí o gbà gbọ́, ọ̀pá tó wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, pa á, jẹ́ kí ọ́ìlì sàn padà sísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, fa ọ̀pá náà yọ, nù ún, tì í bọ̀ ọ́, kí o tó fà á yọ láti wò ó. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé jíjẹ ọ́ìlì ni àìsàn tó wọ́pọ̀ jù lára irú ẹ́ńjìnnì yìí tó bá ti dàgbà. Èédú á dì mọ́ ríìngì písítìnì, ríìngì kò ní lè nà mọ́, ọ́ìlì á máa gba ibẹ̀ gòkè lọ jóná. Tàbí kí rọ́bà kékeré tó wà nídìí fáàfù gan, kí ọ́ìlì máa kán wọlé láti òkè. Èéfín á sọ èyí tó jẹ́ fún ọ. Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, tí èéfín búlúù jáde bí o ṣe ń sítáàtì rẹ̀, tó sì dáwọ́ dúró láìpẹ́, rọ́bà fáàfù ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ ìgbà tí o tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló ń tú u, ọ̀rọ̀ ríìngì nìyẹn, owó rẹ̀ sì wúwo ju ti èkíní lọ fíìfíì. Bí kò bá sí èéfín rárá, tẹ̀ ba wo abẹ́ ọkọ̀. Ó lè máa jò láti gásíkẹ́ẹ̀tì òkè tàbí láti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé jíà. Kí ẹnikẹ́ni tó tú ẹ́ńjìnnì rẹ, ní kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ fáàfù PCV, èyí tó ń jẹ́ kí èéfín inú ẹ́ńjìnnì rí ọ̀nà jáde. Nǹkan kékeré ni, kì í wọ́n, ó sì máa ń fa irú ìṣòro yìí tó bá dí.

Àwọn kan á gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o da ọ́ìlì tó ki sí i kó má baà máa jẹ ẹ́ mọ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọ́ìlì 5W-30, bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n kíki rẹ̀ sára ìgò, ni wọ́n ṣe ojú ọ̀nà tínrín inú VVT-i fún. Ọ́ìlì tó ki jù máa ń pẹ́ kó tó dé òkè láàárọ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹra jù. Ó sàn kí o máa fi ọ́ìlì tó yẹ kún un ju kí o fi èyí tí kò yẹ bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ní ti pípààrọ̀, bó bá jẹ́ tèmi, n kò ní jẹ́ kó kọjá 8,000 km. Bó bá sì jẹ́ inú gosiló ni ọkọ̀ náà ń lò jù, 5,000 km ni màá fi sí. Oògùn inú ìgò tí wọ́n ní ó ń wo ẹ́ńjìnnì sàn, fi owó rẹ̀ ra fílítà.

Ooru ni ọ̀tá kejì. Alumíníọ̀mù ni bùlọ́ọ̀kù àti orí ẹ́ńjìnnì náà. Bó bá hó lẹ́ẹ̀kan gidi, orí lè tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì lè já, omi á sì máa wọ ibi tí kò yẹ. Àwọn ọkọ̀ kan tó ń lo ẹ́ńjìnnì yìí kò tilẹ̀ ní gééjì ooru, iná búlúù àti pupa nìkan ni wọ́n ní, ó sì lè ti pẹ́ jù kí pupa tó tàn. Coolant, omi tí wọ́n pò fún mímú ẹ́ńjìnnì tutù, ni kí o máa lò, má lo omi ẹ̀rọ lásán, torí omi lásán ń mú ìpẹtà wá, kì í sì í jẹ́ kí pọ́ńpù omi pẹ́. Bí mẹkáníìkì kan bá ní òun fẹ́ yọ thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, dànù kí ọkọ̀ lè máa tutù, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ, àpọ̀jù epo yẹn á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Bó bá sì gbóná jù, má ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù.

Ìyókù kò le. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jó sókè sódò nígbà tí o bá dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ throttle body, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ló dọ̀tí. Bó bá ń gbọ̀n, wo síítìn ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tó gbé e dúró. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò sì mú kóòdù P0301 dé P0304 wá, nọ́ńbà ìkẹyìn ni sílíńdà tí kò jóná dáadáa. Kọ́ílì, ohun tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní iná, kọ̀ọ̀kan ló ní pọ́lọ́ọ̀gì tirẹ̀, nítorí náà gbé kọ́ílì ibẹ̀ lọ sí sílíńdà mìíràn. Bí nọ́ńbà náà bá tẹ̀ lé e, kọ́ílì ló bàjẹ́. P0420 ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù èéfín, ẹ́ńjìnnì tó ń jó ọ́ìlì sì wà lára ohun tí í ba catalyst jẹ́. Kí o má lọ ra tuntun sórí jíjẹ ọ́ìlì tí o kò tíì tọ́jú. Ní ti ṣéènì, bó bá ń pariwo ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ láàárọ̀, má fi ṣeré, jẹ́ kí wọ́n yẹ ohun tó ń mú un le wò.

O kò sọ iye kìlómítà tó ti rìn fún mi, kò sì dájú pé ẹni tó tà á mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn. Pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí pẹ̀lú fílítà, rọ ọ́ dé àmì òkè, kọ nọ́ńbà tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Tí o bá ti rin 1,000 km, wọn iye ọ́ìlì tí o fi kún un kó tó padà dé àmì yẹn, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ibẹ̀ la ó ti mọ̀ bóyá ká máa fi kún un la ó ṣe, tàbí ká wá owó tí a ó fi tú u.

Ìyá rẹ.