Ẹ má tíì gé ti àtijọ́ dànù

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ìwé tí ẹnì kan kọ sí yín, tó ní pánẹ́ẹ̀lì tuntun, ìyẹn irin ara ọkọ̀, tí wọ́n ń ṣe báyìí fún àwọn mọ́tò àtijọ́, ayédèrú ni gbogbo ẹ̀, kéèyàn má wulẹ̀ náwó sí i, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ bó ṣe ń dun ẹni náà torí èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí ẹ̀ rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ tán. Nǹkan tó ń ba mọ́tò àtijọ́ jẹ́ jù lọ́wọ́ wa ní Èkìtì níbí ni pé a máa ń gé ti àtijọ́ kúrò ká tó dán tuntun wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Bàbá mi ra ìjàpá, Volkswagen Beetle, ní 1977, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń tò pọ̀ l'Ékòó, 1975 ni iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Títíṣà ni wọ́n, òun ni wọ́n fi ń ti Adó lọ Ìlawẹ̀, lọ Ìgbàrà-Odò, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn tí wọ́n kú ó wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ewé ń já lé e, omi ń dúró sí i nídìí, ó sì dógùn-ún látìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò fún wa ní wàhálà kankan, ọ̀sẹ̀ méjì ni mẹkáníìkì fi tún un ṣe tó fi jí. Ara ọkọ̀ gan-an niṣẹ́.

Ẹni tí ò bá mọ ìjàpá, fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀, ìyẹn irin tó bo táyà lókè, bóòtì ni wọ́n fi dè é mọ́ra, sípánà 13 lẹ máa fi tú u, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín òun àti ara ọkọ̀, ìyẹn rọrùn. Ibi tó le ni irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún àti lósì, tí inú ẹ̀ ṣófo, tí atẹ́gùn gbígbóná ti ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ń gbà wá síwájú. Jíjó ni wọ́n jó ìyẹn mọ́ ara ọkọ̀, òun ló di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ara rẹ̀ náà ni bóòtì tó de ọkọ̀ mọ́ pẹpẹ ìsàlẹ̀ ń gbà kọjá. Ibẹ̀ sì ni ìpẹtà máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Mo ra irin náà ní tuntun, méjèèjì, mo gbé e fún pánẹ́ẹ̀lì bítà kan nílùú wa níbí. Nígbà tí mo fi máa padà débẹ̀ nírọ̀lẹ́ ó ti fi gíràǹdà gé ti ọ̀tún àti ti òsì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti yọ ilẹ̀kùn, kò sì fi irin kankan há ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn kó tó gé e. Ara ọkọ̀ náà ti rọ̀ sílẹ̀ láàárín bí ibùsùn tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ̀, èmi ò mọ̀ nígbà yẹn, òun náà ò mọ̀. Ó jó tuntun mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn padà sí i ni ojú wá là, níbì kan, ìka mi tó kéré jù wọ inú àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, níbòmíràn, abẹ́rẹ́ ò lè ráyè wọbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì tì í, á ta padà sí yín. Ó ní Táíwàn ni wọ́n tà fún mi, ló bá na ọwọ́ sí agolo fílà, èyí tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún. Mo ní rárá.

Fílà níwọ̀nba kò burú o, gbogbo oníṣẹ́ ló ń lò ó láti fi jẹ́ kí ojú irin dán. Ṣùgbọ́n kéèyàn fi fílà dí àlàfo tó nípọn bí àkàrà, lórí ọ̀nà gbágungbàgun tiwa yìí, á sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó lé.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Ìkẹ́rẹ́, lọ́nà ibi tẹ́ ẹ ti máa ń rí òkè Olósùnta kedere, ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé irin àtijọ́ dà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti gbé e kúrò nínú àwọn irin tí wọ́n fẹ́ tà fún àwọn tó ń ra pàǹtí. Wọ́n tẹ́ àtijọ́ àti tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n fi tépù wọ̀n ọ́n láti ihò dé ihò, wọ́n wá pè mí, wọ́n ní, "Wò ó, ọmọ mi, tuntun yìí náà lẹ́ṣẹ̀ tirẹ̀." Lóòótọ́, ihò méjì yẹ̀ tó ìdajì fífẹ̀ bóòtì, etí rẹ̀ kan sì gùn ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n ní ẹni tó ṣe é ò lo máàdì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń tẹ pánẹ́ẹ̀lì jáde, tí wọ́n fi ṣe ti ojúlówó, irin mìíràn sì fẹ́lẹ́ ju tàtijọ́, àti pé mọ́tò tèmi náà ti yí láti bí ogójì ọdún ó lé, tó ti gbá nǹkan, tó ti ko kòtò, nítorí náà ká ní ojúlówó ni mo rí rà gan-an kò dájú pé á wọlé tààrà.

Wọ́n tú iṣẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n fi jáàkì gbé àárín ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wọn ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn láti igun dé igun, ó dọ́gba wàyí ni wọ́n jó irin mọ́ ẹnu ọ̀nà náà kó má lè yẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó kan ìkejì. Wọ́n fáìlì ihò méjì yẹn kó gùn díẹ̀, wọ́n gé etí tó gùn, wọ́n fi kíláàmpù há irin tuntun mọ́ ibẹ̀, wọ́n so bóòtì láì fún un le, wọ́n gbé ilẹ̀kùn sí i, wọ́n ṣí i, wọ́n tì í, wọ́n tún un gbé, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà tí àlàfo dọ́gba yí ká ni wọ́n tó jó o, ojú kan níbí, ojú kan lọ́hùn-ún, kí iná má baà jẹ́ kí irin ká.

Ti fẹ́ńdà tuntun tí mo rà ńkọ́, tí kò bá mọ́tò mi mu? Ìyẹn, ẹ̀bi olùtajà àti tèmi ni. Àwọn olùtajà ní gbogbo ìjàpá ló ń wọ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Bẹ́ẹ̀ láti ọkọ̀ ọdún 1968 ni iná iwájú ìjàpá ti dìde dúró ṣánṣán, èyí tó ṣáájú ẹ̀ dà sẹ́yìn tẹ̀lé ojú fẹ́ńdà, wọ́n gbé èyí tó dà sẹ́yìn fún mi. Ẹ wo iná, ẹ wo bóyá ihò tráfíkétọ̀ wà lórí ẹ̀ tàbí kò sí, kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì kùn ún kẹ́ ẹ tó dán an wò, torí wọ́n lè má gbà á padà mọ́. Ọ̀dà dúdú tó máa ń wà lára ẹ̀, òmíràn kàn wà níbẹ̀ kó má dógùn-ún lójú ọ̀nà ni, ẹ fi sáńdípépà họ ọ́ dáadáa.

Ìjàpá tó lé ní mílíọ̀nù 21 ni wọ́n ṣe kí ti ìkẹyìn tó jáde ní Mẹ́síkò ní 2003. Ojúlówó pánẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù lórí igbá kò pọ̀, ìgbà tí a bá ní gbogbo tuntun jẹ́ ayédèrú, kí ni ká wá fi tún ti bàbá wa ṣe? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ní Adó, Ìkọ̀lé, Ìjerò, wọ́n ní ọwọ́, ìkánjú àwa tó ni mọ́tò ló ń bà wọ́n jẹ́, a ó ní kó parí lọ́jọ́ Sátidé, a ó sì tún dín owó. Ẹ jọ̀ọ́ olóòtú, ẹ rán oníròyìn yín lọ bá àwọn bàbá bíi ti Ìkẹ́rẹ́ yẹn sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní Yorùbá tó yé ọmọ iṣẹ́.

Irin àtijọ́ ti ẹ̀gbẹ́ òsì ṣì wà ní gàráàjì mi, ìpẹtà ti jẹ ibì kan dà nù àmọ́ gbogbo ihò ẹ̀ ló pé. Ẹni tó bá ń tún ìjàpá ṣe ní Èkìtì tí kò ní ti àtijọ́ mọ́ tó fẹ́ fi wọn tuntun, kó kọ̀wé sí yín, màá gbé e fún un kó lò ó kó dá a padà.

Èmi ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Adó-Èkìtì.